Ariwo Tí Mo Fi Kún Ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Òjò láti àárọ̀. Ìpín wa nínú ilé iṣẹ́ yìí: 78.

Lónìí mo fi ohùn Ọ̀gá Ikọ́ pe Ọ̀gá Ikọ́. Òun ni máníjà wa. Ó wà nídìí àwọn ilẹ̀kùn, ni mo bá yọ́ wọ yàrá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ̀hẹn. Kí máníjà yọjú sí ọ́fíìsì máníjà kíákíá. Máníjà ń dúró dè é." Ọkùnrin náà gbéra lóòótọ́. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ mú kó tó rántí pé òun ni òun ń lọ bá.

Ó yẹ kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, àmọ́ àwa òṣìṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá Ṣéńjì tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà gbé orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ibẹ̀ tún dákẹ́, a wá ń gbọ́ òjò lórí páànù. Àwàdà tí kò rí èrò, ọbẹ̀ tí kò rí iyọ̀ ni.

Ìjìyà mi: wọ́n gbé mi kúrò nídìí ọ̀dà, wọ́n ní kí n lọ máa ṣa ìṣó fún ọ̀sẹ̀ kan, gígùn lọ́tọ̀, kúkúrú lọ́tọ̀. Kò burú. Ìṣó kì í bínú síni.

Mo dé ilé, mo tún se oúnjẹ ẹni méjì. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé Bàbá ti kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń pè láti ìlú tó wà, nígbà tó bá jáde níbi iṣẹ́ tó ń dúró de ọkọ̀. Mo lè fi ohùn àwa méjèèjì ṣe ìpè náà láìla ojú.

"Ẹ̀gà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni."

"Èló ni ìpín parí sí lónìí?"

Mo máa sọ iye tí ìpín náà jẹ́. Ó máa ní háà, tàbí kó ní hẹn-ẹn. Ó máa bi mí ohun tí mo ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ rẹ̀ máa dé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lónìí mo ní 77, kò sì sọ háà. Ó ní alágbàtà tó ń bá wa mójú tó ìpín náà ti pe òun. Ọkùnrin yẹn ní èlé tí báńkì ń gbà lórí ẹ̀yáwó ilé ti ga ju orí lọ, kò sẹ́ni tó ń ra ilé, kò sẹ́ni tó ń kó lọ sí ilé tuntun, ta ló wá fẹ́ ra ọ̀dà àti táìlì? Ó ní ká tà á kí ó tó rẹlẹ̀ ju báyìí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà ti ń rò ó. Mo máa pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lóṣù tó ń bọ̀, a ó pín owó náà sí méjì, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ọ̀rọ̀ á parí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi kunlé onílé, ṣọ́ọ̀bù yìí ló sì ti ń ra ọ̀dà. Ó ní pẹ̀lú owó tí òun ti ná síbẹ̀, ó yẹ kí òun ní ọwọ́ ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, ó kéré tán. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ilé iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ra sìgá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló fi sílẹ̀ fún wa, òun àti ilé yìí, tí yàrá kankan kò ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú èkejì, nítorí àṣẹ́kù ọ̀dà àwọn oníbàárà ló fi kùn ún. Ìyá wa ti ṣíwájú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbéyàwó lọ. Èmi àti àwọn àwọ̀ ló kù.

"Kí lò ń rí níbẹ̀ gan-an?" Ohùn rẹ̀ le díẹ̀.

Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni ológbò tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sìn tó ń sùn nínú sínkì tuntun ní ẹ̀ka ilé ìdáná. Mo ní, "Èrò wà."

"Èrò báwo?"

"Èrò bí èrò."

Ọkọ̀ rẹ̀ dé.

Tó bá ta ìpín náà, kí ló máa kù tó máa fi pè mí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìṣó.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n dá mi padà sídìí ọ̀dà. Ìpín: 76. Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i, bí ẹni tó ń jẹ̀bi tó tún ń bínú.

Mo fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń rà. Ọkùnrin kan ra táìlì kan ṣoṣo, ó fẹ́ fi rọ́pò èyí tó fọ́. Obìnrin kan ní kí n po ọ̀dà fún òun, mo gbé garawa ńlá, ó ní rárá o, agolo kékeré ni, ibi tí ọmọ òun kọ nǹkan sí lára ògiri nìkan ni òun fẹ́ bò. Lọ́sàn-án tọkọtaya kan wọ ẹ̀ka ilé ìdáná. Wọ́n ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í. Ọkọ dúró nídìí sínkì tí kò lómi bí ẹni ń fọ abọ́, ìyàwó ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n lọ. Mo gbọ́ tí ìyàwó ń sọ pé ó dìgbà tí báńkì bá dá àwọn lóhùn.

Ìyá Ṣéńjì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó ra ilé tuntun ló ń ra odidi ilé ìdáná, ẹni tó há sínú ilé àtijọ́, ìṣó ló ń rà. Mo bi í bóyá ìṣó lè gbé ilé iṣẹ́ ró. Ó ní kí n lọ bi ìṣó, ṣebí a ti di ọ̀rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ṣe nǹkan kan lónìí, mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sá pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sán, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní alágbàtà fẹ́ èsì kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun: ṣé èrò wà níbẹ̀ àbí kò sí?

Mo wo ọ̀nà ọ̀dà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mo ní kó dúró ná, ariwo pọ̀, kí n wá ibì kan fara pamọ́ sí. Mo wọ yàrá ẹrù lẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù sókè: pín, pín, pín. Mo fẹsẹ̀ ta kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù mọ́ irin. Mo yí orí kúrò lẹ́nu fóònù, mo ṣe Ìyá Ṣéńjì láti ọ̀nà jíjìn: "Ṣé ẹ ní ṣéńjì?" Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan já wọlé láti inú ọ̀fun mi, mi ò pè é, òun ló fúnra rẹ̀ wá. Wọ́n ti ta ilẹ̀kùn tó kúrú fún un. "Ilẹ̀kùn ni mo ní kẹ́ ẹ tà fún mi, ẹ ta fèrèsé ńlá fún mi. Adìẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà kan ni. Ẹ má dá a lóhùn."

Kò tíì tán tí obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta fi kọjá: "Gbé ọwọ́ kúrò nínú ọ̀dà yẹn. Ìwọ tí mo bí yìí, ṣé o fẹ́ kí n gbé ọ relé ní pupa ni àbí ní búlúù?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn, mo ti gbàgbé pé ó máa ń fi imú parí rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ mà kún o, Ẹ̀gà. Mo ní ṣebí etí yín lẹ fi gbọ́ ọ. Ó ní ó dáa, òun á sọ fún alágbàtà kó mú sùúrù. Ó tún wá dúró lórí ìlà, ó ń gbọ́. Ó pẹ́ gan-an. Òógùn bò mí, mi ò sì dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mi ò fẹnu sọ ọ̀rọ̀ kankan lónìí títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo wá la ẹnu, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn ló kọ́kọ́ jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìpín: 79. Ooru mú.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó béèrè iye, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá onílẹ̀kùn ńkọ́?"

Mo ní ó ti wá pàrọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fún un báyìí gùn jù, ó sì ní òun ò lè gbẹ́ ilẹ̀ ilé òun jìn nítorí ilẹ̀kùn. Mo wọ yàrá ẹrù, mo gbé bàbá náà wọlé, ó bú Ọ̀gá Ikọ́ díẹ̀, Ọ̀gá Ikọ́ wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ nínú yàrá kan.

Tẹ́lẹ̀, ibi ìdúró ọkọ̀ ló ti máa ń pè mí. Lónìí, ó dúró di ìgbà tó délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Rédíò sọ ọ́ ní àárọ̀: báńkì àgbà ti já èlé wálẹ̀. Ìpín wa fò lọ sí 84. Ọ̀gá Ikọ́ jó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ká nu gbogbo sínkì, kí a lé ológbò, ilé máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà, èrò ń bọ̀.

A nu sínkì. A lé ológbò. Nígbà tó di ọ̀sán, ológbò nìkan ló padà wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

86.

Ẹ̀gbọ́n mi pè, ohùn rẹ̀ ń fò. Ó ní òun ti ra kún ìpín náà. Mo rò pé díẹ̀ ni. Kì í ṣe díẹ̀. Gbogbo owó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́jú láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, èyí tí wọ́n fẹ́ kó fún báńkì kí báńkì lè yá wọn ìyókù láti ra ilé oníyàrá méjì, òun ló kó síbẹ̀. Ó ní owó náà kò tó síbẹ̀síbẹ̀, báńkì ń fẹ́ sí i. Kí ìpín yìí gòkè díẹ̀ sí i, òun á tà á, òun á sì fi èrè rẹ̀ dí ihò náà.

Mo ní, "Ṣé alágbàtà ló ní kẹ́ ẹ rà á?"

"Alágbàtà ní kí n má rà á." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi imú parí rẹ̀. "Ìwé lòun ń kà. Èmi ní etí nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ó ní kí n gbé bàbá onílẹ̀kùn wá kí òun kí i. Mo ní kò wá lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 31

Mo pinnu pé bí èrò kò bá wá, èmi á wá èrò. Ọkùnrin kan wọlé wá ra ìṣó tí wọ́n fi ń gbé àwòrán kọ́. Mo bi í irú àwòrán wo ni, ibo ló fẹ́ gbé e kọ́ sí, ṣé ògiri náà mọ́, ṣé iná ibẹ̀ dáa. Ó jáde pẹ̀lú ìṣó, búrọ́ṣì méjì, ọ̀dà funfun àti gíláàsì ìwojú tó ga jù ú lọ. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì yẹn bó ṣe ń lọ, bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Ìyá Ṣéńjì ní kí n rọra o, kí ìyàwó ọkùnrin yẹn má wá dáná sun ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnì kan nìyẹn. Ilé iṣẹ́ yìí ní ẹ̀ka káàkiri gbogbo ìlú.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

85. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ àdúrà. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló gbé fóònù, ìyàwó wa ni.

"Ọkọ mi kékeré." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀dà wo ni kì í rùn? Mo ní ó sinmi lórí yàrá tó jẹ́. Ó ní yàrá kékeré ni, yàrá ẹni tí kò tíì dé. Oṣù Kẹsàn-án ló máa dé. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnì kankan. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìṣó?

Mo sọ ọ̀dà tí kì í rùn fún un. Mo sọ bí ó ṣe máa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó jẹ́ kó gbẹ kó tó kun ìkejì, kó ṣí fèrèsé. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Àdúrà tí mo kọ́ sórí kò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ìpàdé. Ọ̀gá Ikọ́ wúkọ́ títí a fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dáa. Wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ wa kù. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, olú ilé iṣẹ́ máa gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta jáde sójú ayé, pé báyìí ni ọjà ṣe tà.

Mo bi Ìyá Ṣéńjì bóyá ibòmíràn sàn ju tiwa lọ. Àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kan lókè lọ́hùn-ún. Ó ní wọn ò tiẹ̀ ní ológbò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ síbì kankan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

84. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo pè é, mi ò dúró kó pè. Mo ní kó wá ibi jókòó sí. Ó ní ibi ìdúró ọkọ̀ ni òun wà, àyàfi kí òun jókòó sórí ìyá oníyá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí èrò ní ṣọ́ọ̀bù."

"Lónìí?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń bi mí."

Ó ní kí n yé ṣeré. Ó ní etí òun lòun fi gbọ́ wọn. Mo ní èmi ni wọ́n. Ó ní èmi ni ta ni? Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi imú parí rẹ̀.

"Gbé fóònù fún bàbá onílẹ̀kùn," ó ní. "Ní báyìí. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀."

Orí àga nínú yàrá Bàbá ni mo jókòó sí, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Mo fún bàbá onílẹ̀kùn ní fóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ilẹ̀kùn náà kò tíì bá a mu."

Òjò ló ń rọ̀ níbi tó wà pẹ̀lú, mo ń gbọ́ ọ.

"Àti obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn?"

Mo ṣe é. Mi ò ṣe é dé ìdajì.

"Ó tó," ó ní. Ó rọra sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè. Ó ì bá sàn ká ní ó gbé e sókè. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni ìṣirò ń bọ̀, kó jọ̀ọ́ kó tètè tà á. Mo ń sọ ọ́ lọ, mi ò mọ ìgbà tí ìlà já.

Ọjọ́ Ajé, 14

83. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti tà á. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó kà á. Kò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ìṣirò jáde. Ọjà kò tà. Àwọn ènìyàn kò ra ilé, wọn ò kó lọ síbì kankan, wọn ò sì tún ilé ìdáná ṣe. Ìwé wọn fi gírámà gígùn sọ ohun tí ológbò ti mọ̀. Kó tó di ọ̀sán ìpín náà ti já wálẹ̀ sí 67.

Ọ̀gá Ikọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mi ò gbọ́ ikọ́ kankan.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Kò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìyá Ṣéńjì fún mi ní bisikíìtì kan, ó ní kí n má jẹ ẹ́ sórí ẹ̀rọ àpòpọ̀ ọ̀dà.

Alágbàtà ló kọ́kọ́ pè mí. Ohùn rẹ̀ tinrin, ó ń gba imú, mo ti ń ṣe é nínú orí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó pè mí ní sà. Kò sẹ́ni tó pè mí ní sà rí láyé, mo bojú wẹ̀yìn.

Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti yọwọ́ pátápátá. Owó tirẹ̀ tó kó wọlé lóṣù tó kọjá, ó ti tà á ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìṣirò, díẹ̀ ló sì pàdánù. Ìpín tí Bàbá fi sílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ìdajì tòun, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ mi. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i, sà?"

Mo ní, ṣé ó sọ nǹkan mìíràn?

Ó ní rárá, sà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún owó ilé wọn. Mo ṣe é lórí ìdúró, láàárín ọ̀dà. Lẹ́yìn náà mo wá rí i pé kò sí ohun kan mọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa torí rẹ̀ béèrè iye lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, 23

Ìyàwó wa pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní wọ́n ṣì wà nínú yàrá kan tí wọ́n ń háyà, wọ́n á ṣì máa fojú sọ́nà. Ó ní ká ní mo dákẹ́ ni, ilé ti lọ nìyẹn. Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi kékeré, kì í ṣe owó ló ń dùn ún. Ó ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, òun rò pé ìwọ ni òun ń bá ṣeré, òun ò mọ̀ pé òun lo fi ń ṣeré."

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Kò pè.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, mo ti ṣe ohùn gbogbo ayé, mi ò ṣe tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́ yìí mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ mo pe orúkọ mi bó ṣe máa ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré, "Ẹ̀gà." Mo sì dáhùn. Kò yẹ kí n dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

65. Òjò ti ń já ọ̀pọ̀ òrùlé, nǹkan ìdíhò ti tán lórí pẹpẹ. Àwọn tí kò lè kó kúrò ti ń tún ibi tí wọ́n wà ṣe, páìpù ń lọ, páànù ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó gbé ìpín dìde. Alágbàtà ní ó lè gbé e, ó sì lè má gbé e. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún un láti sọ nìyẹn.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò ó bí ẹni tó ni ín. Bí mo bá dì í mú, mo máa dì í mú títí a ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìpín náà bí àwáwí láti pe ara wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún máa pè, ọjọ́ kan, nígbà tó bá gòkè, ó máa béèrè iye. Ọkọ̀ máa dé.

Ọjọ́ Ajé, 5

Mo tà á. Gbogbo rẹ̀. Alágbàtà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú, sà. Mo ní kó pín owó náà sí méjì, kó fi ìdajì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ọjọ́rú, 7

Mo pè é. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ohùn ta nìyí?"

"Tèmi ni."

"Tìrẹ ṣe wá rí báyìí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mi kì í sábà lò ó."

Ó mí sínú fóònù. Ó ní ọjọ́rú lòní. Mo ní mo mọ̀. Ó ní owó kan wọ àpò òun láti ọwọ́ alágbàtà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ní mo ti ta ìpín Bàbá, tiyín nìyẹn nínú rẹ̀.

"O tà á. Èló?"

"Márùndínláàádọ́rin."

"Ta ló ní kó o tà á?"

"Kò sẹ́ni. Mo fẹ́ kó tán láàárín wa, kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ṣẹ́ kù."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí mi, ó ní ìgbà tí wọ́n ń pín ọpọlọ, mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń ṣe ohùn ewúrẹ́. Ó ní ẹni tó rà á ní 65 yẹn, kí n lọ wò ó, á ti sun àsùnyó. Ó ní báńkì tún fẹ́ já èlé wálẹ̀, ó ní òjò ń já òrùlé gbogbo ènìyàn, irú ènìyàn wo ló ń ta agboòrùn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀? Ó ní Bàbá fi ọdún pípẹ́ ṣa á jọ, èmi fi ìpè kan ṣoṣo tú u ká. Ó gba ilé ẹ̀kọ́ mi kọjá, ó gba ọdún tí mo fi sá kúrò níbẹ̀ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá onílẹ̀kùn, ó bú òun náà, ó ní kò sí ilẹ̀kùn kan láyé tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kó ti fura. Lẹ́nu ìyẹn, nǹkan kan gba imú rẹ̀ jáde, ó gbìyànjú láti gbé e mì.

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mò ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo gbọ́ ìyàwó wa láti inú lọ́hùn-ún, ó ní oúnjẹ ti ń tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa jẹun lọ ní tirẹ̀, òun ò tíì bú ọmọ yìí tán.